Ọgbà Òjò Iwájú Ilé Alájì

Abẹ́lẹ̀ ni mò ń gbé. Bí ẹ bá dé ẹnu ilé wa ní Peckham, ní London, ẹ kò ní gòkè, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Àtẹ̀gùn òkúta kan ló wà níbẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ títì dé ẹnu ilẹ̀kùn mi, mo sì máa ń to ìkòkò efinrin sí i lára nígbà ooru. Láti ojú fèrèsé mi, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ni mo máa ń rí kí n tó rí ojú wọn. Mo mọ bàtà gbogbo ará títì wa. Mo mọ ẹni tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo mọ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọkọ mi ló gba ilé náà lọ́wọ́ káńsù nígbà tí a kúrò ní Kennington. Ibẹ̀ la ti tọ́ àwọn ọmọ, ibẹ̀ ni ọkọ mi kú sí, ibẹ̀ ni èmi náà fẹ́ kú sí bí Ọlọ́run bá fẹ́. Nítorí náà, tí mo bá sọ pé ẹnì kan da omi sí mi nílé, kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó.

Ẹni náà ni aládùúgbò mi, ẹni tí ilé rẹ̀ fara kan tèmi láti apá òkè, nítorí títì wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Alájì ni gbogbo wa ń pè é. Yorùbá ni bíi tèmi, mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń lọ. Ó kéré sí mi dáadáa, ìyá mi ì bá fi í ṣe àbígbẹ̀yìn. "Ìwọ" ni mo máa ń fi bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọ inú ilé sọ̀rọ̀, òun náà á sì tẹ̀ ba díẹ̀ lórí ìdúró, bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ ní London, kí aṣọ má bàa dọ̀tí.

Koríko ló wà níwájú ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igi kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń tan òdòdó funfun, ewé kan sì wà tó hù bí ọgbà láàrin tirẹ̀ àti tèmi. Tí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á mu omi náà, á kàn rọ̀ múlọ́múlọ́ bí ẹ̀kọ ni. Alájì wá lọ ra ọkọ̀ dúdú ńlá kan, tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fò kó tó lè wọ̀ ọ́. Kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn sójú títì. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ kan, wọ́n gé igi, wọ́n hú koríko, wọ́n fa ewé tó wà láàrin wa tu, wọ́n sì da sìmẹ́ǹtì lé gbogbo rẹ̀ láti ara ògiri dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ó dán, ó mọ́. Ó sì dà gẹ̀rẹ́ sọ́dọ̀ tèmi.

Mo dúró lórí àtẹ̀gùn mi, mo wò ó.

Mo ní, "Ọmọ mi, omi tí koríko yìí ń mu tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Níbo ni o fẹ́ kó máa gbà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mama! Òjò London náà lẹ pè ní òjò? Èyí tó ń ṣe bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀!"

"Iyọ̀ náà máa ń pọ̀ jù nígbà míì."

"Ẹ má da ara yín láàmú, Mama. Gọ́tà ìjọba wà. Kí ni à ń san owó káńsù fún?"

Mo wọlé lọ. Mo ti sọ tèmi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà ooru. Ooru ti mú láti àárọ̀ débi pé mo ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Mo jókòó, mo ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ojú ọ̀run kàn ṣú lójijì ni, òjò sì dé. Kì í ṣe òjò wọ́nwọ́n tí Alájì ń sọ o. Òjò gidi ni, bíi ti ilé, tó ń dà bí ẹni pé wọ́n ya ìdí àpò. Omi tó ń bọ̀ láti òkè títì sáré bọ̀, ó dé iwájú ilé Alájì, ó pàdé èyí tó ń ti orí òrùlé rẹ̀ àti orí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ bọ̀. Wọ́n para pọ̀, wọ́n ń wá ọ̀nà, wọ́n sì rí àtẹ̀gùn mi. Kí n tó dìde, omi ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kí n tó rí aṣọ tí n ó fi dí i, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ti ru sókè láti inú páìpù, àwọn méjèèjì sì pàdé láàrin pálọ̀ mi. Ẹ̀wà tí mo ń ṣà léfòó, ó ń lọ káàkiri.

Àga, kápẹ́ẹ̀tì, fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì: gbogbo ìyẹn, ẹrù ayé ni, n kò sunkún lé wọn. Ṣùgbọ́n àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Àwa tí a lọ sí Mẹ́kà láyé ìgbà tiwa, a máa ń ra aṣọ funfun tí wọn yóò fi sin wá láti ibẹ̀. A ó fi omi Sámúsámù fọ̀ ọ́, a ó sá a sí oòrùn ilẹ̀ mímọ́, a ó ká a, a ó gbé e wálé pa mọ́ de ọjọ́ ikú. Èmi àti ọkọ mi la jọ lọ. Ó ra tirẹ̀, ó ra tèmi, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọ méjèèjì. Ó ní ọwọ́ mi kò lágbára tó láti fún aṣọ. Tirẹ̀ ti bá a lọ. Tèmi ló wà nínú àpótí yẹn. Mo wọ́ àpótí náà jáde, mo ṣí i, omi ṣalángá ló kún inú rẹ̀.

Mo fọ aṣọ náà lẹ́yìn ìgbà náà. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó. Àwọ̀ rẹ̀ kò padà. Àwọn ọmọ mi ní àwọn á ra òmíràn, Mẹ́kà kò sá lọ síbì kankan. Mo ní, ta ni yóò wá fọ òmíràn náà? Ẹni tó fọ èyí ti wà nínú ilẹ̀.

Ọjọ́ òjò yẹn gan-an ni mo gòkè lọ bá Alájì. Omi ṣì ń kán lára ìró mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bàtà rẹ̀ gbẹ, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

"Háà, Mama! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Mo ní, "Ta ló mú un wá?"

"Ọlọ́run ni, Mama. Kádàrá ni. Ẹ ṣe sùúrù, Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò."

Ká ní ó sọ pé "Mama, mo ṣẹ̀," mo mọ ara mi, ǹ bá sunkún, ǹ bá sì dárí jì í kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ní kí wọ́n dà, ó gbé e kọ́ Ọlọ́run lọ́rùn. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti le. N kò pariwo, n kò gbé e ṣépè. Mo kàn ní, "Ẹ ṣeun, Alájì." Ẹ gbọ́ o, n kò ní "o ṣeun." Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ̀yin" ni mo ń fi bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní bọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ rò pé oyè ni mo ń bọ̀wọ̀ fún. Alájì fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò fẹ́ kí ó kú. N kò fẹ́ kí ilé rẹ̀ jó, n kò sì fẹ́ owó rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ilé mi máa gbẹ nígbà òjò, kí ó sì jẹ́ pé Alájì ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un gbẹ. Ọ̀nà tí n ó gbà rí i, n kò tíì mọ̀. Mo lè dúró. Obìnrin tó ti dúró de bọ́ọ̀sì ní London láti ìgbà èwe rẹ̀, kí ni kò lè dúró dè?

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà títí wọ́n fi gbé máṣíìnì tí ń fa omi wá, tí ilé gbẹ, tí wọ́n tún un kùn. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mummy, ẹ forgive Alájì now. Ẹ think about your BP."

"BP mi ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo wọ̀n ọ́n láàárọ̀."

"It was fine, but..."

"Inú tó ń bí mi yìí ló jẹ́ kó dáa. Fi mí sílẹ̀."

Kò pẹ́ tí mo padà sílé ni Alájì rán àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí sí mi. Wọ́n gbé rọ́ọ̀gì tuntun kan wá àti àpò ìrẹsì kan. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣàdúà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà ni: ẹni tó bá ṣẹ̀ á rán àgbà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àgbà padà lófo.

Mo ní, "Alájì fúnra rẹ̀ dà?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ìyá, ojú ló ń tì í."

"Kí ó gbé ojú tó ń tì í náà wá kí n rí i."

Ọ̀kan fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Baba náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ da tiyín síwájú, ẹ dárí jì í."

"Baba, Alájì ti da tirẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ tèmi ló tẹ̀ ẹ́."

Baba ní, "Ẹ̀san, ti Ọlọ́run ni o."

"Mo mọ̀. N kò fọwọ́ kan ti Ọlọ́run. Díẹ̀ tó jẹ́ tèmi ni mò ń retí."

Mo dá rọ́ọ̀gì padà. Mo gba ìrẹsì, nítorí ìrẹsì kò ṣẹ̀ mí. Alájì gbọ́ pé mo gba ìrẹsì, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ń dá a lóhùn. "Ẹ káàárọ̀, Alájì. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni káńsù rán obìnrin kan sí títì wa. Òyìnbó ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàtà òjò rẹ̀ kì í mọ́ láéláé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó ya àwòrán bí wọn yóò ṣe tún títì ṣe, kí òjò lè rí ibi wọ̀ sí. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bèèrè ibi tí omi ń gbà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo po tíì fún un, ó sì jókòó. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò gùn, ṣùgbọ́n ó máa ń dé ibi tí mo bá rán an.

Òun ló là mí lóye. Ó ní láyé àtijọ́, odò kan ń ṣàn gba àdúgbò wa kọjá, wọ́n ti tì í sínú páìpù, wọ́n kọ́ ilé lé e lórí. Páìpù náà ti gbó, òjò ti wá pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, àwọn ènìyàn sì ń da sìmẹ́ǹtì lé ilẹ̀ tó yẹ kó mu omi. Ó ní àwọn fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ó rẹlẹ̀, kí àwọn da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí àwọn da yanrìn àti ilẹ̀ dúdú lé e, kí àwọn gbin ewé tó lè fara da omi púpọ̀ àti ọ̀dá sí i. Wọn yóò gé ẹnu sí etí títì, òjò yóò ṣàn wọ inú rẹ̀, ilẹ̀ yóò sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ọgbà òjò ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í sáré ọ̀rọ̀.

Ó tẹ́ àwòrán sórí tábìlì mi. Ọgbà òjò kan ṣoṣo ni títì wa máa gbà, ó sì ti rí ibi mẹ́ta tó lè wà. Ó lè wà lókè, níwájú ṣọ́ọ̀bù igun. Ó lè wà níwájú ilé Alájì. Ó lè wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáa fún omi, nítorí náà àwọn ará títì ni yóò yàn, torí pé ibi tí wọ́n bá gbẹ́, ọkọ̀ kò ní lè dúró síbẹ̀ mọ́, kò sì ní lè gba ibẹ̀ wọlé.

Mo gbé ìka mi lé àárín.

"Tó bá jẹ́ ibí yìí ńkọ́? Omi á tún máa wá bá mi?"

Ó ní rárá. Ó ní àwọn á mọ òkúta gọngọ kan, bí ògiri kúkurú, sáàárín ilé méjèèjì, omi kò ní lè rékọjá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà rẹ̀ fún mi. Ó wá ní, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà. Ó ní irin oníhò kan máa wà lẹ́nu ọgbà náà, níbi tí omi tó bá pọ̀ jù máa gbà bọ́ sínú páìpù. Tí ewé bá dí irin náà, omi á kún, á sì padà sórí sìmẹ́ǹtì lọ sí ẹnu ọ̀nà onílé yẹn. Káńsù á máa wá gbá a, àmọ́ ewé tó ń já kì í dúró de káńsù. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa ń fẹ́ jáde wá fọwọ́ kó o.

Mo ní, "Á fẹ́."

Mo da tíì sí i fún un.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ìpàdé sí, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ṣáájú ọjọ́ náà, mo dín àkàrà, mo gbé e kiri títì, ilé dé ilé. N kò dárúkọ Alájì fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo sọ ni pé, "Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kòtò o. Tí ẹ ò bá wá, iwájú ilé yín ni wọ́n lè gbẹ́ ẹ sí." Oníṣọ́ọ̀bù igun gbọ́, ojú rẹ̀ là. Àwọn ìyá tó ń mú ọmọ wọ bọ́ọ̀sì gbọ́. Oníkálukú ní, "Níbo ni kí wọ́n wá gbẹ́ ẹ sí?" Mo ní, "Ẹ jẹ àkàrà náà kó tó tutù. Tí a bá débẹ̀, a ó jọ wò ó."

Ọjọ́ Sátidé yẹn kan náà ni ìsọmọlórúkọ ọmọ kan nínú mọ́ṣáláṣí wa. Gbogbo wa la lọ. Alájì jókòó láàrin àwọn àgbà, wọ́n ti gbé àwo ẹran síwájú rẹ̀. Mo rò ó pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lè sọ lọ́la pé mo fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Mo lọ bá a níbẹ̀, lójú gbogbo wọn.

"Alájì, ìpàdé títì wa ni lónìí o. Wọ́n fẹ́ yan ibi tí wọ́n máa gbẹ́. Ó kan iwájú ilé yín."

"Mama! Ìpàdé káńsù?" Ó gbé eegun ẹran sókè bí ẹni fẹ́ wàásù. "Òyìnbó ti parí ìpàdé yẹn kí wọ́n tó pè é. Èyí tí wọ́n ń pè wá sí, ti ká wá mu tíì ni. Ẹ jókòó, ẹ jẹun."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Òótọ́ ni, Alájì. Ọ̀rọ̀ wọn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Kí ni kí n sọ fún wọn tí wọ́n bá bèèrè yín?"

"Ẹ ní mo fọwọ́ sí i! Ohun tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣe é. Alájì fọwọ́ sí i, ẹsẹ̀ gan-an, ó fi sí i!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Baba àgbà tó bẹ̀ mí lọ́jọ́sí náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo mú mọ́ínmọ́ín mi, mo wé e, mo lọ sí ìpàdé.

Nínú gbogbo àwa Yorùbá tó wà ní títì wa, èmi nìkan ló débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí. A gbà pé ohun tí káńsù bá fẹ́ ṣe ló máa ṣe, a ó wá jókòó sílé máa bú u. Ọmọbìnrin náà fi àwòrán kọ́ ara ògiri, ó ṣàlàyé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ṣàlàyé irin oníhò náà, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Oníṣọ́ọ̀bù ní kì í ṣe iwájú òun, àwọn tó ń gbé ọjà wá fún òun ńkọ́. Àwọn ìyá ní kì í ṣe ibi tí ọmọ àwọn ń dúró sí. Gbogbo wọn wá ń wò mí. Mo sọ bí omi ṣe wọ ilé mi, mo sì sọ ibi tó gbà wọ̀ ọ́. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ọmọbìnrin náà ní àwọn ti fi ìwé sí ilé àárín yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, onílé kò fèsì. Ó ní onílé náà kò sì gba àṣẹ láti máa gbé ọkọ̀ gun etí títì kọjá, nítorí náà kò sí ohun tó dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ì bá fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n?

Mo na ọwọ́ mi. Mo ní, "Èmi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun fọwọ́ sí i."

Wọ́n nawọ́ sókè. Ó parí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dé, mo ti gbé ìkòkò kaná. Ìró máṣíìnì tó ń fọ́ ilẹ̀ gba gbogbo títì kan. Mo gòkè, mo jókòó sórí àga mi nínú oòrùn. Alájì sáré jáde, sálúbàtà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì lófo. Ó bá olórí àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn fi àwòrán hàn án. Ó bá òmíràn sọ̀rọ̀, ìyẹn fi ìka tọ́ka sí èkejì. Ló bá yíjú sí mi.

"Mama! Mama, ẹ gbà mí! Ẹ bá mi bá òyìnbó obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ dí ọ̀nà ọkọ̀ mi!"

"Alájì, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ fún wọn pé ẹ fọwọ́ sí i."

"Àwàdà ni mo ṣe! Ẹ mọ̀ pé àwàdà ni!"

"Etí mi ti darúgbó, kì í gbọ́ àwàdà mọ́. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, ẹ bi wọ́n."

"Ọkọ̀ mi ńkọ́? Níbo ni ọkọ̀ mi fẹ́ máa gbà wọlé?"

"Ẹ ṣe sùúrù. Kádàrá ọkọ̀ náà nìyẹn."

Ó wò mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e. Mo dìde, mo lọ bu oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n jókòó sétí sìmẹ́ǹtì rẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pọ́n ìka lá.

Mo ní, "Ìrẹsì yín ni o, Alájì. Wọ́n ní ẹ ṣeun."

Ìyàwó rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, láti ojú fèrèsé òkè. Ó yára pa fèrèsé dé.

Wọ́n gbẹ́ ọgbà náà, wọ́n mọ òkúta gọngọ sáàrin wa, wọ́n gbin koríko gíga kan tó máa ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ àti òdòdó kan tó pọ́n bí osùn. Ó rẹwà, n kò ní í purọ́. Àwọn ènìyàn tó ń lọ sí Peckham Rye máa ń dúró wò ó. Ọkọ̀ dúdú náà wá ń sùn sójú títì bíi ti gbogbo ènìyàn, ẹyẹ sì ń ṣu lé e.

Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já ni òjò ńlá àkọ́kọ́ dé, ní àárọ̀. Mo mú agboòrùn, mo gun àtẹ̀gùn dé àárín. Omi ń bọ̀ láti òkè títì, ó gbé ewé, ó gbé páálí ṣíkìn, ó dé ẹnu tí wọ́n gé sí etí títì, ó sì yà wọ inú ọgbà òjò bí ọmọ tí wọ́n pè. Ó ń ga. Ewé ti bo irin oníhò náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà sórí sìmẹ́ǹtì, ó kọjú sí ilẹ̀kùn Alájì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó jáde wá nínú jàlàbíà, ó ká a dé orúnkún, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó fi ìgbálẹ̀ gún irin náà títí, kò lọ. Ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú omi dúdú náà dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń kó ewé jáde níkùnwọ́ níkùnwọ́. Òjò ń lù ú lẹ́yìn. Mo dúró sábẹ́ agboòrùn mi. Ẹsẹ̀ mi gbẹ.

Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Mama, mo ṣẹ̀. Ẹ gbọ́ mi? Èmi ni mo da sìmẹ́ǹtì. Mo ṣẹ̀ yín. Ṣé ẹ ti dárí jì mí báyìí?"

Mo wo irin náà dáadáa.

Mo ní, "Ewé kan ṣì wà níbẹ̀, Alájì. Lọ́wọ́ òsì yín."

Ó tún bẹ̀rẹ̀.